Ọjọ́ Tí Dókítà Bá Mádáàmù Sọ̀rọ̀

                                        Ilé Alágbàfọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ìkejì mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn tó rọ́ lórí àtẹ̀gùn yẹn ti san? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé àbígbẹ̀yìn rẹ ṣì ń bá ìṣirò ṣọ̀tá? Mo gbọ́ pé Bàbá rẹ ti ń dá rìn jáde báyìí, pé wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni di àwọn lọ́wọ́ mú mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yan fanda wọn jàre. Ní tiwa níbí, ara gbogbo wa le. Ìyá ọkọ mi, tó ti ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ọdún tó kọjá, ní kí n kí ẹ kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, torí pé tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, mi ò ní rántí mọ́. O rí i pé Màmá ti mọ̀ mí tinú tẹ̀yìn.

Ó yá, wọ́n ti gba Mádáàmù wọlé! Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kó o lè fọkàn balẹ̀ ka ìyókù. Mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ sí ẹ kẹ́yìn ò jẹ́ kó o sùn. Kíláàsì àárọ̀ tí mo ní wọ́n ń ṣe fáwọn ọmọ tó ní ọ́tísìímù nílé ìwòsàn àwọn ọmọdé, èyí tí wọ́n ní ọmọ mi ò lè jàǹfààní kankan níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ń lọ báyìí. Jókòó dáadáa kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

O mọ ọmọ mi. O mọ bó ṣe máa ń káwọ́ sẹ́yìn, táá máa rìn láàárín aṣọ tá a sá sórí okùn bí ẹni tí ìjọba rán wá bẹ iṣẹ́ wò, tí bàbá rẹ̀ fi ń pè é ní Mádáàmù. Ó ti pé ọmọ ọdún méje, kò sì tíì fi ẹnu sọ̀rọ̀. Àmọ́ tí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ń yí, ó máa ń bá a kùn, ohùn wọn á sì ba ara wọn mu débi pé àwọn oníbàárà mi máa ń dúró gbọ́.

Àgbà dókítà tó jẹ́ ọ̀gá wọn níbẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ẹni ọ̀wọ̀ ni, ẹnu iṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ ló darúgbó sí. Àmọ́ bá a ṣe wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó gbọ́ pé ọ́tísìímù ni, ṣe ló yí ohùn padà bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Ẹ mọ́kàn le. Ẹ ṣáà máa fara dà á.”

Ìwọ náà mọ ẹnu mi. Mo ní, “Dókítà, ta ló kú?”

Nọ́ọ̀sì tó dúró ti ògiri yára fi fáìlì bojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Dókítà ò tiẹ̀ ṣe bí ẹni tó gbọ́. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ pé inú ayé tiwọn nirú àwọn ọmọ báyìí ń gbé, pé wọn ò mọ èèyàn yàtọ̀ sí àga, pé bẹ́nì kan ń sunkún o, bó ń rẹ́rìn-ín o, bákan náà ló rí lójú wọn. Ó ní àyè kan ṣoṣo ló kù nínú kíláàsì, ó sì yẹ kó jẹ́ ti ọmọ tó máa wúlò fún. Mádáàmù ń bẹ nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn, ó ń fi ìka wọ́ etí kápẹ́ẹ̀tì. Dókítà ò bojú wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Ọkọ mi, oníṣẹ́ iná tí kì í sọ̀rọ̀, ló dìde dúró. Ó ní, “Dókítà, ọmọ yìí ń gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ.”

Dókítà rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti rẹ̀. Ó ní, “Ó wù yín kó máa gbọ́ ni, bàbá.”

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú egungun. A ti ń jáde nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹn sáré bá wa lọ́nà. Ó ní ká má lọ gbé o, pé obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀ tó jẹ́ pé ìwà àti ìrònú àwọn ọmọdé ló kọ́ nípa rẹ̀, ó sì ti fàáké kọ́rí pé àwọn ò gbọ́dọ̀ lé ọmọ kankan padà láìjẹ́ pé gbogbo àwọn jọ rí i. Ó ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tá a délé tá a ròyìn fún Màmá, wọ́n pa aṣọ tí wọ́n ń ká tì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ó lọ́mọ wa ò mọ èèyàn yàtọ̀ sí àga? Òun tó jẹ́ pé ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kò kí i, ṣé ó mọ̀ ọ́n ni?” Wọ́n ní àwọn náà ń bá wa lọ. Ta ló jẹ́ dá wọn dúró?

Lọ́jọ́ tá a padà lọ, yàrá ńlá kan tí wọ́n tẹ́ ẹní rọ́bà sí ni wọ́n mú wa lọ, ilẹ̀kùn kíláàsì àárọ̀ sì wà lápá ọ̀tún. Obìnrin tuntun náà ń dúró dè wá. Ọmọdé ni lójú mi, kò lè ju àbúrò mi tó kẹ́yìn lọ. Ó kí Màmá, ó kí wa, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kí Mádáàmù pẹ̀lú. Kò retí ìdáhùn. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì gbẹ́nu dákẹ́. Màmá sọ sí mi létí pé, “Aláìníbàtà yìí mọ nǹkan kan.” Orúkọ tá a ń pè é nílé dòní nìyẹn.

Mádáàmù ti tú pẹ́ẹ̀gì tá a fi ń há aṣọ mọ́ okùn sílẹ̀. Kò sí ibi tá a lè lọ láìgbé wọn dání. Ó tò wọ́n lọ rẹrẹ bí ọkọ̀ ojú irin. Lẹ́yìn tó pẹ́ díẹ̀, Aláìníbàtà rọra mú ọ̀kan, ó fi há ẹ̀gbẹ́ apá aṣọ tirẹ̀. Mádáàmù wò ó. Ó wo pẹ́ẹ̀gì. Mo rò pé á figbe ta. Ó mú òmíràn, ó fi há apá kejì fún un. Ó mú òmíràn sí i, ó fi há kọ́là ọrùn aṣọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi dà bí okùn tí gbogbo aṣọ rẹ̀ ti bọ́ tó ku pẹ́ẹ̀gì nìkan, tí àwọn méjèèjì sì ń wo ara wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ìgbà yẹn ni dókítà wọlé. Ó ní, “Kí lẹ wá ń ṣe nísàlẹ̀ yìí?”

Aláìníbàtà ní, “A ń sọ̀rọ̀, sà.”

“Ọ̀rọ̀ wo? Mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

“Ẹ jókòó tì wá díẹ̀, sà.”

“Ìwọ ọmọ yìí, mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ rí i.”

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo wa ń wò ó, Màmá sì ń wò ó ju gbogbo wa lọ. Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì dún kọ̀ì! Mádáàmù yíjú síbi tí ìró náà ti wá. Ó sún mọ́ ọn, ó tẹ́tí sí orúnkún yẹn bóyá á tún dún. Nígbà tí kò dún mọ́, ó fi pẹ́ẹ̀gì kan há táì dókítà.

Bí ọmọ ọwọ́ kan ṣe figbe ta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Igbe kíkan kíkan. Mádáàmù di etí rẹ̀ méjèèjì, ó ń yí ara síwá sẹ́yìn. Dókítà mi orí bí ẹni pé, “Ẹ ṣáà ti rí i.” Àmọ́ kò tíì mi orí tán tí ọmọ mi fi dìde. Ó fa tówẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kékeré yọ nínú báàgì mi, èyí tí kì í fún ẹnikẹ́ni, kódà èmi tí mo ń fọ̀ ọ́, agbára káká ni mo fi ń rí i gbà. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó jù ú lé ọmọ ọwọ́ yẹn láyà níbi tí ìyá rẹ̀ gbé e sí, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàà! A ò gbọ́ igbe ọmọ náà mọ́.

Aláìníbàtà ló kọ́kọ́ la ẹnu, ó ní ṣé wọ́n rí i pé ó ṣàánú ọmọ yẹn. Dókítà ní rárá o, ariwo ló sú u, ó kàn fẹ́ kó dákẹ́ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, ẹni tí pẹ́ẹ̀gì bò lára àti ẹni tí pẹ́ẹ̀gì wà ní táì rẹ̀.

Màmá dá sí i. Wọ́n ní, “Dókítà, ẹ má bínú. Nígbà tọ́mọ bá ń ké nílé yín, kí lẹ máa ń fẹ́?”

Dókítà wo pẹ́ẹ̀gì tó wà ní táì rẹ̀. Ó ní, “Kó ṣáà dákẹ́ ni, Màmá.”

“Ṣé ẹ máa ń fún un ní nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù láyé?”

Ọ̀rẹ́ mi, àgbàlagbà yẹn bú sẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ awò ojú rẹ̀ tó ń nu omijé. Ó ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ àwọn nígbà táwọn wà nílé ìwé nípa irú àwọn ọmọ báyìí lòun gbà gbọ́ látọjọ́ yìí, òun ò sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kankan nínú wọn rí. Ó wá kọjú sí ọmọ mi fúngbà àkọ́kọ́.

Ó ní, “Mádáàmù, ṣé wàá fẹ́ máa wá sí kíláàsì wa?”

Mádáàmù ò dáhùn. Dókítà ti ń yíjú sọ́dọ̀ mi kí n bá a fèsì, àmọ́ Aláìníbàtà rọra ní, “Ẹ dúró, sà.” Ó dúró. Gbogbo wa dúró. Aago ara ògiri ń ró. Mo fẹ́ dáhùn débi pé ahọ́n ń yún mi. Nígbà tó wù ú, Mádáàmù di ọrùn ọwọ́ dókítà mú, ó fà á dìde tìkà-tẹ̀gbin, ó mú un dé ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ dókítà lé ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Dókítà ṣí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Má rò pé dókítà ti di áńgẹ́lì látìgbà náà o. Ó ṣì máa ń gbàgbé, táá bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ mi níṣojú ọmọ náà, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì á kàn wúkọ́ díẹ̀, dókítà á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún Mádáàmù fúnra rẹ̀. Tó o bá gbọ́ ikọ́ nílé ìwòsàn yẹn, má rò pé ọ̀fìnkìn ló ń jà. Wọ́n tiẹ̀ ní káwọn òbí wá bá gbogbo òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Èmi ni mo múra sílẹ̀, àmọ́ ọkọ mi ló dìde. Ó ní, “Tẹ́ ẹ bá ń bá wa kẹ́dùn, àwa náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀fọ̀ ẹni tá a jọ ń jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá wa ṣeré.” Ó jókòó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ọdún kan ló lò tán lọ́jọ́ yẹn.

O bi mí nígbà tó o kọ̀wé bóyá Mádáàmù ti ń pè mí ní màmá. Mo fẹ́ dáhùn dáadáa. Nínú kíláàsì yẹn, wọ́n fún un ní àwọn àwòrán pélébé-pélébé: omi, búrẹ́dì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìta gbangba, pẹ̀lú fọ́tò èmi, ti bàbá rẹ̀ àti ti Màmá. Ohun tó bá fẹ́ ló máa mú àwòrán rẹ̀ wá. Níbẹ̀rẹ̀, búrẹ́dì ló ń mú wá ṣáá, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Màmá ní ọmọ tó gbọ́n ni.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan nígbà tó wá bá mi, tó sì fi fọ́tò mi lé mi lọ́wọ́. Mo rò pé ó ṣì í mú ni. Mo bi í pé ṣé omi ni, mo nawọ́ síta, mo gbé búrẹ́dì hàn án. Ó ti gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì tún fi fọ́tò náà tẹ̀ mí lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń tún ojú iná ṣe. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Kò ṣì í mú. Ìwọ ló ń pè.”

Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Mo ní, “Èmi nìyí.”

Ó wò mí, ó gba fọ́tò rẹ̀ padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò fẹ́ nǹkan kan.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o sì bá mi ki àbígbẹ̀yìn láyà lórí ọ̀rọ̀ ìṣirò. Kí Bàbá fún mi, ní kí wọ́n rọra máa rìn. Tó o bá ń fèsì, jọ̀ọ́, fi fọ́tò rẹ kan há inú rẹ̀, èyí tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ fi kún tiwa, kó lè máa pe ìwọ náà.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè dákẹ́,
Ẹlẹ́nu Dùn-dùn.