Ẹ̀wà Tó Pẹ́ Lórí Àtẹ

Abúlé Òkè-Àgbède,
Ifọ̀.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, ọdún 1991.

Jímọ̀ Àkànmú ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Ọlọ́run tó sìn ọ́ jáde nílé yóò sìn ọ́ wálé láyọ̀. Ẹsẹ̀ baba rẹ ti ń fúyẹ́, ewúrẹ́ wa sì bí ìbejì. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí ìlà rẹ̀ fi ń gun òkè lọ. Ọdún kìn-ín-ní mi nìyí ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà, ẹ̀rù sì ṣì ń bà mí, nítorí náà má fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní Okokomaiko.

Nínú lẹ́tà rẹ, o ní wọ́n kọ́ yín ní yunifásítì pé àwọn ìràwọ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, gbogbo wọn ń yí po, oòrùn wa ò sì sí ní àárín gbùngbùn wọn, apá ẹ̀gbẹ́ ló wà. Èyí ò yà mí lẹ́nu. Ṣé ìwọ náà rí ilé gbà láàárín Èkó ni? Bóyá owó ilé ló wọ́n jù fún oòrùn náà.

Fọ́tò agbo ìràwọ̀ tó o fi sínú lẹ́tà, mo ti gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wa, mo sì ti nàka sí ilé wa nínú rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò, kí n tó kà á lẹ́yìn rẹ̀ pé agbo ìràwọ̀ mìíràn tó jọ tiwa ni, nítorí kò sẹ́ni tó tíì jáde síta láti ya tiwa. Jímọ̀, kí ló dé tó o fi fọ́tò ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí mi? Baba rẹ ní kí n dákẹ́.

Ohun tó ká mi lára ni pé o fẹ́ fi yunifásítì sílẹ̀, kó o lọ bá Fàtáì ọ̀rẹ́ rẹ tún rédíò ṣe lọ́jà Àlàbá, nítorí ìbéèrè kan tó o kò rí dáhùn: kí ló dé tí àwọn ìràwọ̀ ọmọdé ń sùn pẹrẹsẹ láàárín àwo náà, tí àwọn àgbà ń fò sókè sódò? O tún ní o fẹ́ gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń kúrò nílé ìwé. Baba rẹ ní ta ló ń gba ìwé àṣẹ kó tó sá?

Lọ́jọ́ Ẹtì, mò ń fẹ́ pàǹtí kúrò lára ẹ̀wà. Mo da funfun sórí àtẹ, mo mì í títí, mo wá bu pupa lé e, mo tún ń mì í. Wò ó, àwọn pupa kọ́kọ́ sùn jẹ́ẹ́, àwọn funfun tí mo ti ń mì látàárọ̀ ló ń fò. Mo pariwo pe baba rẹ, mo ní ẹni tó bá pẹ́ lórí àtẹ ni wọ́n ń mì jù! Ó ní òun rò pé ejò ni mo rí. Mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lókè, mi ò sì mọ ẹni tó ń mi tọ̀hún, ṣùgbọ́n bi tíṣà rẹ kó o tó gba fọ́ọ̀mù.

Èmi náà gba mẹ́ta nínú mẹ́wàá níbi àpèkọ. Tíṣà wa, Adébímpé tí mo pọ̀n ní kékeré, ní kí n lọ tún un kọ. Ojú tì mí, mo fẹ́ jókòó sílé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀wà tó fò lọ́jọ́ náà, orí àtẹ ló padà sí. Mo padà lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Bó o bá kúrò, èmi náà á kúrò, mo sì ti rí i pé mi ò fẹ́ kúrò.

Bó o bá rówó, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún pẹ́ńsùlù kan àti kílínà méjì tí mo fi ń pa àṣìṣe rẹ́. Kílínà ló ń tètè tán lọ́wọ́ mi.

Kí Ẹni tó ń mi àtẹ má jẹ́ kí ìwọ àti èmi bọ́ sílẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kùdírátù.