Àpò Méjì Lórí Ìṣó Kan

Kíláàsì kejì, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
ilé-ẹ̀kọ́ tí a sá sí.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò.

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n, Tẹ́ẹ́rẹ́ ọmọ bàbá rẹ̀,

Mo kí ọ kú ilé, mo kí ọkọ rẹ kú iṣẹ́, mo sì kí àlejò kékeré tó wà nínú rẹ kú ìkàlẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ tó ń wú ti rọlẹ̀ díẹ̀? Dókítà tó ní o kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò ṣeun, gbọ́ tirẹ̀, má dá mi lóhùn bí mo bá ṣe bí ẹni pé mo fẹ́ kó o wá. Bí o bá bèèrè tèmi, ara mi le. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo ń dáhùn bí wọ́n bá pè mí. Kò sí ibi tó ń dùn mí, ìyẹn gan-an ló sì ń kọ mí lóminú.

Lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹta lo bi mí bí bàbá rẹ ṣe bá omi lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Èmi ni n kò lè sọ ọ́. Bébà sàn fún mi, kì í sunkún sí mi létí. Nítorí náà jókòó, gbé ẹsẹ̀ lé orí àga, kó o sì kà á dé òpin kó o tó pè mí.

O rántí àwọn àpò dúdú méjì tó máa ń kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa. Ara tapólì kan náà ni mo ti rán wọn, ìwọ̀n kan náà, okùn kan náà, o mọ̀ pé n kì í lè ju àjákù aṣọ nù. Ọ̀kan wà fún ìwé: káàdì ìdánimọ̀ wa, ìwé ìbí gbogbo wa, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ilé. Èkejì wà fún àwọn pátánì mi, àwọn bébà tí mo fi ń gé aṣọ àwọn oníbàárà. Ìṣó kan ṣoṣo ni méjèèjì ń pín. Bàbá rẹ sọ ọ́ títí pé, "Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́, so rìbọ́n pupa mọ́ ti ìwé, kí a má baà ṣì í mú." Mo ní màá so ó. Rìbọ́n náà wà nínú agolo bọ́tìnnì mi. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Ọdún mẹ́rin ni mo fi sọ pé màá so ó.

Ọ̀sán ni omi dé. Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tó ti ń kun ilé wọlé, ọ̀dà funfun ṣì wà ní irun rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sórí tábìlì, ó ní kí n mú àpò ìwé kí a máa lọ. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fa èyí tí ọwọ́ mi kàn. Omi ti dé orúnkún nígbà tí a wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí, a sì bá àwọn ará àdúgbò gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ibẹ̀ ló ti ní kí n gbé àpò wá kí òun wò ó bóyá omi ti wọ̀ ọ́. Ó tú okùn rẹ̀, ó fa bébà kan jáde, ó tẹ́ ẹ. Apá ẹ̀wù ìyàwó Onígbàjámọ̀ ni.

Ohun tí n kò lè sọ fún ọ nìyí. Bàbá rẹ kò bínú rárá. Ẹ̀rín ló rín, ẹ̀rín rẹ̀ tó máa ń mì í léjìká yẹn. Ó ní, "Aya mi, pátánì lo gbé sá! Bí omi bá gbé ìlú lọ, o ó gé òmíràn fún wa." Ó ní omi ò tíì ga, ilé ò jìnnà, òun á ti dé kí n tó ká bébà náà tán. N kò ní kó má lọ. "Tètè dé o" ni mo sọ. Mo ń ká bébà náà lọ́wọ́ nígbà tí ògiri tó dá odò dúró wó.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí i. Àpò ìwé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ sí ilé ìgbókùúsí ní ọjọ́ Ajé, mo sì dá a mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. N kò kígbe. Ohun tí mo kàn ń rò ni pé ọ̀dà funfun yẹn ti kúrò ní irun rẹ̀. Wọ́n so nọ́ńbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kọkànlélógójì. Ọkùnrin tó ń bójú tó ibẹ̀, tí bàtà rọ́bà rẹ̀ dé orúnkún, ní, "Màmá, mo gbà yín gbọ́, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tèmi kọ́ là ń lu òǹtẹ̀ lé." Ẹbí kan ti ṣèèṣì gbé òkú ẹlòmíràn lọ sin, àwọn tó ni ín sì ti wá dé. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ gba òkú gbọ́dọ̀ mú káàdì tirẹ̀ wá, kó sì mú ìwé tó so òun pọ̀ mọ́ olóògbé. Ẹni tí a kò bá gbà títí di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìjọba á sin ín pẹ̀lú àwọn yòókù sínú kòtò kan, pẹ̀lú nọ́ńbà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọlọ́pàá bi mí pé kí ni mo sọ nù, mo kà wọ́n fún un. Ó ní kí ló gbé wọn lọ. Mo ní omi. Ó kọ "omi", ó fà á nílà. Láti ibẹ̀ mo dé kóòtù, mo gbé ọwọ́ sókè, mo búra pé èmi ni èmi. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń búra, tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mo ń wò ó bóyá aṣọ rẹ̀ jókòó dáadáa.

Ní ọ́fíìsì káàdì ìdánimọ̀, ìlà ti yí ilé po kí n tó dé lọ́jọ́rú. Onígbàjámọ̀ ló wà níwájú mi. Òun náà kò ní ìwé kankan mọ́. Ó ní, "Ẹ wò ó, bí mo bá sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni èmi, kíá ni wọ́n á gbà. Pé èmi ni èmi, ìyẹn ló gba ẹlẹ́rìí." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ ohùn ara mi.

Akọ̀wé ibẹ̀, obìnrin kan tó fi okùn so awò ojú kọ́ ọrùn, bi mí pé, "Màmá, kí lẹ ní lọ́wọ́ tó fi hàn pé ẹ̀yin ni?" Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i. N kò ní nǹkan mìíràn. Ó ní kí n tẹ̀ka. Ẹ̀rọ náà kò rí ìlà kankan lórí àwọn ìka mi, abẹ́rẹ́ àti áyọ́ọ̀nù ti fi ọgbọ̀n ọdún pa wọ́n rẹ́. A dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìka kékeré ọwọ́ òsì, ọ̀lẹ tó máa ń nà gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí àwọn yòókù bá ń ṣiṣẹ́, òun nìkan ni ẹ̀rọ dá mọ̀. Ojú mi yọ lórí kọ̀ǹpútà, ojú ọdún méjìlá sẹ́yìn, mo ń fi ẹ̀rín pamọ́ nítorí bàbá rẹ dúró lẹ́yìn ayàwòrán, ó ń yọ ahọ́n sí mi. Akọ̀wé ní, "Ṣé ẹ ṣì wà nílé ọkọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó fún mi ní ìwé ìgbà díẹ̀, ó ní káàdì gan-an á jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ó wá ku ìwé ìgbéyàwó. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo dé ibi tí èmi àti bàbá rẹ ti buwọ́ lùwé lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Yàrá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kó ìwé sí, omi sì ti wọ̀ ọ́ dé àjà. Wọ́n sá àwọn ìwé ńlá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ ṣí ti ọdún wa, yíǹkì ti ṣàn, ojú ewé di búlúù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní bóyá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tiẹ̀ bá a yí ìwé kan padà kí ẹ̀gbẹ́ kejì lè gbẹ.

Mo padà sí ilé ìgbókùúsí nítorí n kò mọ ibòmíràn tí mo lè lọ. Bàtà-rọ́bà, bí mo ṣe ń pè é nínú ọkàn mi, gbé ọ̀rá kan wá, ó ní kí n wo aṣọ tí wọ́n bọ́ lára bàbá rẹ. Mo yí kọ́là padà, mo rí ìránṣọ mi. Ó ní, "Màmá, aṣọ pọ̀ lóde o, aránṣọ náà sì pọ̀." Bó ti ń ká ẹ̀wù náà padà, mo rí i pé èjìká rẹ̀ kò dọ́gba. Mo ní kó dúró dè mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ilé-ẹ̀kọ́.

O kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí bàbá rẹ jábọ́ láti orí àkàsọ̀. Èjìká òsì rẹ̀ kò padà sókè mọ́ láti ìgbà náà. Ìdajì pátánì là ń gé fún gbogbo èèyàn, a ó ká aṣọ sí méjì, a ó gé e lẹ́ẹ̀kan. Bàbá rẹ nìkan ni mo ń gé odindi fún, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀, òsì relẹ̀ ju ọ̀tún lọ ní ìbú ìka kan àbọ̀. Ìsàlẹ̀ àpò tí mo gbé sá ni pátánì náà wà. Omi kò kàn án.

Mo tẹ́ bébà náà sórí tábìlì Bàtà-rọ́bà, mo tẹ́ ẹ̀wù lé e. Ẹ̀wù náà bọ́ sójú ìlà bébà gẹ́lẹ́. Ó gba téèpù lọ́wọ́ mi, ó wọn ọ́n fúnra rẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo ti kọ sí ẹ̀gbẹ́ bébà náà lọ́dọọdún, ọrùn, àyà, ikùn, ikùn tó ń pọ̀ sí i, àti ibi kan tí mo kọ ọ́ sí pé, "Ẹ dín oúnjẹ kù." Orúkọ ìnagijẹ ni mo máa ń kọ sórí pátánì oníbàárà. Ohun tí mo kọ sórí eléyìí ni "Ọkọ mi".

Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà ka ẹ̀gbẹ́ bébà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá lu òǹtẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ "Ọkọ mi", ó buwọ́ lù ú, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ fi í sí fáìlì. Kò sí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tó lè gbà á. Mo ṣáà fi í sílẹ̀. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀rí ikú fún mi, orúkọ bàbá rẹ pé pérépéré lórí rẹ̀, wọ́n sì tú nọ́ńbà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Onígbàjámọ̀ gé irun rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà a sin ín sí sàárè tirẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń wo ojú mi. Ojú mi gbẹ.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí ni mo lọ gba káàdì. Orúkọ mi pé, ọjọ́ ìbí mi pé, gbogbo rẹ̀ rí bíi ti àtijọ́. Mo wá rí ọ̀rọ̀ kan níbi tí ó ti yẹ kí wọ́n kọ ọ́ pé mo wà nílé ọkọ: Opó. Mo sọ fún akọ̀wé pé àṣìṣe wà níbí. Ó fi awò sójú, ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Màmá, ìwé ikú tí ẹ gbà ló gbé e wọlé." Ọmọ mi, ọjọ́ tí wọ́n gbà pé ìyàwó rẹ̀ ni mí, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé n kì í ṣe ìyàwó rẹ̀ mọ́. Mo jókòó sórí àga tí wọ́n fi ń ya fọ́tò, mo sì sunkún. Mo sunkún débi pé akọ̀wé náà jáde lọ sọ fún àwọn tó wà lórí ìlà pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, kí wọ́n mú sùúrù.

Èmi ni mo gbé àpò tí kò tọ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ. Bí o bá fẹ́ bínú, bínú, màá dúró dè ọ́ kó o bínú tán.

Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, kí o gbọ́ ohùn ọmọ, kí ọmọ náà gbọ́ tìrẹ. Kí ilé rẹ má dá páropáro. Kí ọkọ rẹ máa jáde, kó sì máa wọlé.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò yé rò ọ́,
Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́.

Mo tún rántí: mo ti rán àpò ìwé tuntun. Káàdì yẹn nìkan ló tíì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti so rìbọ́n pupa mọ́ ọn. Bí o bá bímọ, fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n gé pátánì rẹ̀. Wọn èjìká méjèèjì o. Má ṣe wọn ẹyọ kan kó o ní èkejì á rí bẹ́ẹ̀.