Orúkọ Tí Ìyá Gbọ́

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́. Mowo.

Mo ti ń kọ kóòdù kómà, nọ́ńbà tí àwa akọ̀wé ọsibítù fi ń dúró fún àìsàn ẹni tí kò mọra mọ́, sínú fáìlì ìyá arúgbó tí wọ́n gbé wá láti Gbaji, nítorí nọ́ọ̀sì pè wọ́n títí, wọn ò dáhùn.

Àfi ìgbà tí ọmọ wọn obìnrin wọlé. "Ṣé Yorùbá lẹ fi ń pè wọ́n ni?" Ó bẹ̀rẹ̀ síbi etí wọn, ó fi Ègùn pe orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ní kékeré. Ìyá lajú.

Mo pa kóòdù yẹn rẹ́. Ojú tì mí.

Èkìtì, níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, lọkàn mi wà látìgbà náà. "Àjọkẹ́ ò!" Kò sí bí mo ṣe lè sùn fọnfọn tó, bí màámi bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, mo ti dìde. Màámi ti kú, kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. "Màmá Tólú" lọkọ mi ń pè mí.

Mo ti kọ Àjọkẹ́ sẹ́yìn káàdì ọsibítù mi, kí wọ́n lè rí i fi pè mí bí èmi náà ò bá dáhùn lọ́jọ́ kan.