Àwọn Òròmọdìyẹ Mmadineo

Puseletso ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Johannesburg níbẹ̀? Ṣé o ń jẹun kánú, ṣé iṣẹ́ kò fi ìyà jẹ ọ́? Èmi bàbá rẹ ṣì ń mí, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà. Ọlọ́run tó jẹ́ ká rí ìgbà òtútù yìí yóò jẹ́ ká rí òpin rẹ̀. Yìnyín ti bo gbogbo orí òkè Qwaqwa, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀yìn ọgbà àgùntàn wa. Mo ní kí n pè ọ́, ṣùgbọ́n ohùn mi kò ní lè gbé ọ̀rọ̀ yìí.

O ṣàlàyé fún mi nígbà tí wọ́n gbé mítà iná mànàmáná tuntun wá, pé ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ayé ń dáná lẹ́ẹ̀kan náà, iná a máa wọ́n, kí n pa ohun tí a kò nílò títí di aago mẹ́jọ. Ó yé mi yékéyéké. Iná ló ń ti ìsàlẹ̀ gun òkè bọ̀ wá bá wa, bí gbogbo ilé bá ń pè é pọ̀ á rẹ̀ ẹ́, ó sì tọ́ kó gba owó àárẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ amómigbóná, mo pa rédíò, ọ̀sán la ń ro papa, òkèlè àgbàdo wa, a ó wá fi aṣọ ìbora wé ìkòkò. Mmadineo, opó àbúrò mi, tí òun àti Dineo ọmọ rẹ̀ ń lo mítà kan náà pẹ̀lú mi láti yàrá ẹ̀yìn, kò ráhùn. Ó ní Ntate, bàbá mi, bí ẹ bá ṣe wí náà ni.

Àfi gílóòbù pupa tó gbé kọ́ sórí àwọn òròmọdìyẹ rẹ̀ kí ara wọn lè móoru. Wọ́n kún àpótí, wọn kò tíì hùyẹ́, ó fẹ́ sìn wọ́n tà kí Dineo lè padà sílé ìwé. Mo ní kó máa pa gílóòbù náà nírọ̀lẹ́. Ó ní Ntate, ọmọ jòjòló kò mọ ìgbà tí iná wọ́n.

N kò fẹ́ dá ẹjọ́ náà nìkan. Arábìnrin ilé iṣẹ́ iná tó máa ń kọ̀wé sí fóònù mi, ọmọlúwàbí ni, kì í ṣàì kọ́kọ́ kí mi. Mo kí i padà, mo béèrè ọkọ àti ọmọ, mo wá ní ṣé iná adìyẹ wà lára ohun tí à ń pa. N kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tó fi fèsì pé a ti rí iṣẹ́ yín gbà, a dúpẹ́ fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yín. Ọpẹ́ kì í bá kíkọ̀ rìn, àbí?

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí Mmadineo àti Dineo lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, mo wọ yàrá wọn mo pa gílóòbù náà. Afẹ́fẹ́ òkè ń fẹ́. Láti ilé ìdáná ni mo ti ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń ké. Nígbà tó yá wọ́n dákẹ́, inú mi dùn pé wọ́n ti sùn. Nígbà tí aago mẹ́jọ lù, mo tan án padà, n kò fi ìṣẹ́jú kan pẹ́. Wọ́n ti gun ara wọn lórí ní igun àpótí. Kò sí èyí tó ń mí nínú wọn.

Mmadineo dé, ó kúnlẹ̀ síbi àpótí náà. Ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń jí ọmọ. Dineo ló bi mí pé Bàbá, ta ló ní kí ẹ pa á? Mo na fóònù sí wọn. Mmadineo kà á tán, ó ní Ntate, ẹ̀rọ ló kọ èyí, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni?

Ilẹ̀ dì débi pé ṣọ́bìrì kò wọlé, òkúta la kó bò wọ́n. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Mmadineo di ẹrù rẹ̀. Ó ní àbúrò yín ló fi mí lé yín lọ́wọ́, Ntate. Ó mú Dineo, wọ́n gba Harrismith lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò gbé ìpè mi di òní. Lánàá ni iṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná tún wọ fóònù mi, wọ́n ní àwọn bá mi yọ̀, pé ilé mi dín iná ìrọ̀lẹ́ kù gan-an. Èmi nìkan ni mo jókòó tí mo kà á.

Jọ̀ọ́, wá owó àpótí òròmọdìyẹ mìíràn fún mi, àti owó ọkọ̀ Harrismith, kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Fi rán èèyàn, má fi sí báǹkì, nítorí ẹ̀rọ ibẹ̀ náà máa ń kí mi, ẹ̀rù ohun tó ń kíni báyìí ti ń bà mí.

Òtútù kò ní wọlé tọ̀ ọ́. Ibi tí o bá ti ké, èèyàn ni yóò gbọ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sekgobela