Basheerah Kò Mu Omi Láti Àná

Bàbá Basheerah,

Mo pè yín títí, ẹ ò gbé fóònù. Ọmọ yín kò tíì mu omi láti ọ̀sán àná. Ìyá yín gba hàǹtú lọ́wọ́ áfáà, omi tí wọ́n fi fọ wàláà tí wọ́n kọ Kùránì sí, wọ́n sì dà á sínú ife búlúù kan ṣoṣo tí Basheerah fi ń mu omi, láìsọ fún mi. Wọ́n ní kó lè sọ̀rọ̀, kó sì máa kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà agboolé. Èmi ni mo gbé ife náà fún un. Bó ṣe tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́.

Láàárọ̀ yìí, tíṣà rẹ̀ dá wa padà lẹ́nu géètì: "Mọ́mì Basheerah, ẹ ṣì fi í sílé ná, títí á fi máa sọ̀rọ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀." Wọn ò ní sọ pé àwọn lé e.

Mo pariwo mọ́ Ìyá yín. Mi ò tíì lè bẹ̀ wọ́n.

Mo ń gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n máa fa omi sí i lára, wọ́n á ní kí ẹnì kan dì í mú. Ẹ má mú áfáà wá. Ẹ̀yin ni kí ẹ wá, bóyá á ṣì jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan òun. Èmi, ó ti ń sá fún mi.