Ọ̀pá Tó Dúró, Ọ̀pá Tó Dùbúlẹ̀

Àtìní, 9 Nòfẹ́ńbà 1959

Ọjọ́ kẹrin lórí òrùlé Alhájì Ṣàràfá. Tẹlifíṣàn rẹ̀ nìkan ló wà ní Ifọ̀, eruku funfun nìkan ló sì ń fi hàn. Éríà, irin tó ń gba àwòrán wọlé, ni èmi àti Mùsáfírù ń ṣe fún un — ọ̀pá méjìlá, láti kékeré dé ńlá, kó lè gba iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn yòówù tí wọ́n bá tún dá sílẹ̀. Mo to gbogbo wọn lóòró. Mùsáfírù — Oníyèméjì tèmi, ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ — ní ó jọ pé níbùú ni àwòrán iléeṣẹ́ Ìbàdàn ń gbà wá. Ìbú kẹ̀! Òpó tó ń fọ́n ọn jáde lọ́hùn-ún, ṣé ó dùbúlẹ̀ ni?

Àtàláátà, 10

A jà. Ó gbé nǹkan kan sínú àpò ìdọ̀họ wá, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan hàn yín." Níwájú Alhájì! Mi ò jẹ́ kó tú u. Mo ní ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Mo ní kó má tẹ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́.

Jímọ̀, 13

Kò wá. Eruku funfun.

Àtàláátà, 17

Òjò àrọ̀kúrò nírọ̀lẹ́, tòun ti ìjì. Òpó éríà wó, ó fara ti igi àgbọn, gbogbo ọ̀pá wá nà gbalaja níbùú. Mo kawọ́ lérí. Bí òjò ṣe dá ni Alhájì pariwo nínú ilé pé òun rí ojú èèyàn. Mo sáré wọlé. Ọkùnrin kan ń ka ìròyìn, táì rẹ̀ hàn kedere. Níbùú! Ohun tí Mùsáfírù wí nìyí. Alhájì ń bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo káre.

Àlàrùba, 18

Mo lọ bẹ Mùsáfírù ní Àgbàdo. Ìyá rẹ̀ ní rélùwéè ti gbé e lọ Jọ́ọ̀sì láti Jímọ̀. Ó wọlé, ó gbé àpò ìdọ̀họ jáde. Àpò ọjọ́ yẹn!

"Ó ní tí o bá wá, kí n fún ẹ."

Irin agboòrùn ló kàn mọ́ igi — ìdajì dúró lóòró, ìdajì dùbúlẹ̀ níbùú, wọ́n dábùú ara wọn. Tèmi wà níbẹ̀, tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó ti ṣe é kí n tó lé e. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyá ọlọ́mọ, mo sunkún. Ẹyin lọ̀rọ̀.

Láàdì, 22

Mo fi ọ̀pá gidi ṣe irú rẹ̀, mo gbé e sórí òpó. Àwòrán mọ́ roro. Àwọn àlejò Alhájì ń béèrè orúkọ ẹni tó ṣe é. Mo ní Mùsáfírù ni.

Wọ́n ní kí n pè é wá.