Àwọn Ọkùnrin Inú Àpótí Rẹ

Ìkẹ́nnẹ́,
Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn.

Olúdọ̀tun ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó, ṣé ara le, ṣé wọn kò fi bọ́ọ̀lù gbá ọ níkùn? Gbogbo wa nílé wà láàyè. Ọlọ́run tí kò jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú rẹ kò ní jẹ́ kí o gbọ́ tiwa. Bánkẹ́ àbúrò rẹ ti ṣe ìdánwò tán, òjò sì já òrùlé yàrá rẹ, bàbá rẹ ti dí i, ṣùgbọ́n òjò náà ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, àtìgbà náà ni àyà mi kò ti balẹ̀.

Mo ní kí n gbé àpótí onírin rẹ kúrò níbi tí omi ń kán sí ni ìdérí rẹ̀ bá ṣí. Dọ̀tun, èèyàn ló kún inú rẹ̀. Àwòrán ọkùnrin, èèyàn dúdú àti òyìnbó, gbogbo wọn wọ ṣòkòtò péńpé, o sì di oníkálukú sínú ọ̀rá bí ẹni di ẹ̀kọ sínú ewé. Bàbá rẹ rò pé owó ni, ó ní àbí ìjọba tún ti pààrọ̀ owó láìsọ fún wa, torí ojú wa rí nǹkan nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó yí wọn sẹ́yìn, ó kà á sí mi létí: orúkọ ọkùnrin, ọjọ́ tí wọ́n bí i, bó ṣe ga tó, bó ṣe wúwo tó. Ó wò mí, ó ní Ìyá Dọ̀tun, ta ló ń wọn gíga ọmọ ọlọ́mọ bí kò ṣe káfíńtà tó fẹ́ kan pósí.

Èyí tó wà lókè pátá ni Sàídì, ọ̀rẹ́ rẹ, ọmọ ìyá olóbì tó wà ní Ìjokù ní Ṣàgámù. Sàídì yìí kan náà tí rédíò ní ẹsẹ̀ rẹ̀ dá nígbà tí ẹgbẹ́ wọn àti tiyín pàdé, tí òun àti ìwọ kọlu ara yín. Mo ní ṣé ọmọ tí mo gbé lọ ṣe ìrìbọmi ló ń fi oògùn di ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá. Bàbá rẹ ní ká jó o, mo ní bí iná bá jó ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́. Ni mo bá wọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù, kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ ìyá rẹ̀ kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Mo bá Sàídì lórí bẹ́ńṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi nínú sìmẹ́ńtì funfun tí àwọn dókítà fi rẹ́ ẹ. Mo ti ń wá ibi tí n ó kúnlẹ̀ sí nígbà tí mo rí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwòrán ló kún òun náà, ìwọ lo sì wà lókè, nínú ọ̀rá, tí ò ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bá wá fò lọ. Mo so ìborùn mọ́ ìdí, mo bi ìyá rẹ̀ pé kí ni ọmọ mi fi ṣe wọ́n tí wọ́n fi dì í bí ẹ̀kọ. Sàídì ló bú sẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó ní àwọn oníbisikíìtì ló ń fi àwòrán ẹ̀yin agbábọ́ọ̀lù sínú páálí, pé ti àwọn òyìnbó, ẹ máa ń rà á bí ẹgbẹ́ yín bá lọ gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun, ẹ ó wá máa ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara yín. Ẹnu yà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àgbà ọkùnrin tó ń gba owó oṣù, tó ní irùngbọ̀n, ń pààrọ̀ àwòrán bí ọmọdé tó ń ta òkòtó. Mo ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sẹ́yìn ńkọ́, ó ní àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ló ń fẹ́ mọ̀ ọ́n. Kò tíì yé mi, ṣùgbọ́n mo jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí ìyá rẹ̀ gbé fún mi.

Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni Sàídì sọ èyí tó dùn mí jù. Ó ní bọ́ọ̀lù ni ẹ jọ ń lé, kò sí ẹ̀bi rẹ níbẹ̀. Ó ní o sunkún lórí pápá ju òun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá lọ, àtìgbà náà o ò yọjú, o ò sì ránṣẹ́. Ó ní bí ọkọ̀ bá ti dúró níwájú ilé, òun á na ọrùn wò ó bóyá ìwọ ni. Ó ti bá ọ rí àwòrán òyìnbó aṣọ́lé tí ò ń wá káàkiri. Mo ní kó fún mi kí n bá a fi ránṣẹ́ sí ọ, ó kọ̀, ó ní ọwọ́ sí ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe é.

Dọ̀tun, kí lò ń sá fún? Owó Ìkórè tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi, má fi ránṣẹ́ lọ́dún yìí, fi wọkọ̀ wá sí Ìjokù. Bó bá ṣẹ́ kù, ra mílíìkì fún Sàídì, eegun tó ń so ń fẹ́ mílíìkì. Bó bá tún ṣẹ́ kù, bàtà tí mo ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti lanu.

Ọlọ́run tó ń so eegun pọ̀ yóò so ẹ̀yin méjèèjì pọ̀. O ò ní fi ẹsẹ̀ gbé ibi, ibi kò ní bá ọ lẹ́sẹ̀. Wàá ti Èkó dé ọ̀dọ̀ wa láyọ̀.

Èmi ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
Modúpẹ́.